Háàdì Tó Gbé Ohùn Bàbá Mì

Kí n tó ní ṣọ́ọ̀bù tèmi, Ìkọ̀tún ni mo ti kọ́ṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tó kọjú sí ọjà. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, ọkọ ni mo bá wá sí Èkó. Àwọn àna mi rò pé iṣẹ́ aṣọ rírán ni n óò kọ́, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú àpótí kọ̀ǹpútà ló wù mí láti mọ̀. Háàdì ayé àtijọ́ la ṣì ń lò nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Háàdì yìí ni ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó gbogbo ohun tí a bá fún un pamọ́ sí, ìbáà ṣe ìwé, ìbáà ṣe àwòrán, ìbáà ṣe orin. Wáyà ti ayé àtijọ́ yẹn fẹ̀ bí ọ̀já tí a fi ń pọn ọmọ. Bí èèyàn bá sì fẹ́ fi háàdì méjì sínú kọ̀ǹpútà kan, àfi kó wá irin bíńtín kan tó dà bí eyín eku, kó fi sọ ọ̀kan di ọ̀gá, kó sọ ìkejì di ẹrú. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ṣe é ṣe pè é, ọ̀gá àti ẹrú. Bí irin bíńtín yẹn bá já bọ́, gbogbo wa la ó kúnlẹ̀ tí a ó máa wá a lábẹ́ tábìlì.

Lẹ́yìn náà ni háàdì tuntun tí wọ́n ń pè ní sátà dé. Ọjọ́ tí ọ̀gá mi kọ́kọ́ yọ háàdì sátà jáde nínú ọ̀rá, ó pè mí, ó ní kí n fọwọ́ kan irin ara kọ̀ǹpútà ná kí n tó gbà á, nítorí iná díẹ̀ a máa wà lára èèyàn láìmọ̀, ó sì lè ba háàdì jẹ́. Ó wá fi wáyà méjì hàn mí. Ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́, ó pupa. Èkejì fẹ̀ jù ú lọ díẹ̀, inú àpótí tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà ló ti jáde.

Ó ní, "Èyí tó fẹ̀ yìí, oúnjẹ ló ń gbé wọlé. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ ló ń gbà á kọjá. Kò sí ọ̀gá, kò sí ẹrú mọ́. Oníkálukú ló ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀."

Ẹnu wáyà méjèèjì ní igun kan tó ká bíi lẹ́tà L, kí èèyàn má baà kì í bọ̀ ọ́ lódì. Ọ̀gá mi ní bó bá kọ̀ tí kò wọlé, kí n má fi agbára tì í, kí n yí i padà. Mo fẹ́ràn háàdì yẹn lójú ẹsẹ̀. Mo so ó, mo tú u, mo tún so ó, bí ọmọdé tó ń ṣí ìlẹ̀kùn tuntun tó sì ń tì í.

Nígbà tí mo mọṣẹ́, mo gba ṣọ́ọ̀bù ní Ìgàndò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin kan tó ń ṣe bàtà. Òórùn gúlúù rẹ̀ kì í jẹ́ kí n tòògbé lọ́sàn-án. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe jù ni kí n máa yọ háàdì nínú kọ̀ǹpútà tó ti bàjẹ́, kí n so ó mọ́ tèmi bíi háàdì kejì, kí n kó ẹrù inú rẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Àwòrán ìsọmọlórúkọ ni, ìwé àwọn ọmọ yunifásítì ni, wàásù àwọn àlùfáà ni. Ẹrù ẹlẹ́rù, n kì í tú u wò. Mo kàn máa ń wo ìlà aláwọ̀ ewé tó ń gùn díẹ̀díẹ̀ lójú ẹ̀rọ bí nǹkan ṣe ń kúrò níbì kan lọ sí ibòmíràn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ní àsìkò òjò, kẹ̀kẹ́ kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin kan tó jù mí lọ dáadáa ló sọ̀ kalẹ̀. Ó fi aṣọ ankárá di kọ̀ǹpútà, ó gbé e mọ́ àyà bí ìgbà tí èèyàn ń gbé ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá lọ sí ọsibítù. Olùkọ́ ni, ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ọmọ onílẹ̀ sì ni, àwọn baba rẹ̀ ti wà ní Ìgàndò nígbà tí gbogbo ibẹ̀ ṣì jẹ́ oko.

"Àbúrò mi," ó ní, "ẹ̀rọ mi ò mọ̀ mí mọ́."

"Kí ló ṣe é, àǹtí?"

"Mo tàn án, ó kàn kọ̀wé funfun sójú dúdú, ó ní òun ò rí háàdì kankan. Mo gbé e lọ síbì kan ní Akówonjó. Wọ́n ní háàdì ti kú. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí àwọn fi òmíràn sí i, kí n gbàgbé èyí."

"Kí ló wà nínú ẹ̀?"

Ó ń tú ìdí aṣọ ankárá náà. "Bàbá mi ni," ó ní.

Mo dìde, mo kúnlẹ̀ díẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí aláfíà."

"Rárá o!" Ó yára gbójú sókè. "Wọ́n wà láàyè. Wọ́n wà nílé báyìí, wọ́n ń jẹ àgbàdo."

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì mú kí ó jókòó. Ó wá ṣàlàyé. Ó ní nígbà kan, ìyá àgbà kan kú nínú ìdílé wọn, kò sì sí ẹnì kan nínú àwọn ọmọ tó lè sọ ibi tí oko rẹ̀ wà rí tàbí orúkọ tí wọ́n ń pe odò tó ń pọn. Ẹ̀rù ba òun. Òun ra ẹ̀rọ kékeré kan tó ń gba ohùn sílẹ̀, òun sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bá bàbá òun jókòó ní ọjọ́ Sátidé. Bàbá sọ̀rọ̀ nípa oko, nípa odò, nípa àwọn tó kọ́kọ́ dó. Wọ́n kọrin oko. Wọ́n sọ bí wọ́n ṣe sá kúrò ní iléèwé nítorí ẹgba. Bó bá ti délé, ó máa ń da gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, á sì nu ti inú ẹ̀rọ kékeré náà kí ó lè ráyè gba tuntun.

"Nítorí náà kò sí níbòmíràn?" mo bi í.

"Inú ẹ̀ nìkan ló wà."

Mo tú síkúrù, mo ṣí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà náà. Eruku ti ṣù nínú rẹ̀ bí òwú. Wáyà pupa náà ti dẹ̀ lẹ́nu, mo fa á díẹ̀, ó bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo fi tuntun sí i, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ṣì ní òun kò rí nǹkan kan. Mo wá gbé ìka lé orí háàdì náà nígbà tí iná wà lára rẹ̀. Ó ń yí. Ó ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́, kò ṣe kẹ́, kẹ́, kẹ́ bí àwọn tó ti fọ́ nínú.

"Kò kú, àǹtí," mo ní. "Ó ń mí."

Mo yọ ọ́, mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tèmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ háàdì tí mo ń lò, wáyà oúnjẹ rẹ̀ lọ́tọ̀, wáyà ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́tọ̀. Mo tan ẹ̀rọ. Lọ́tẹ̀ yìí ó yọjú. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe fẹ́ ṣí i, àpótí kékeré kan hàn lójú ẹ̀rọ, ó ní a kò lè lo háàdì yìí àyàfi tí a bá fọ́máàtì rẹ̀, ṣé kí òun ṣe é?

Olùkọ́ náà ti na ọwọ́ sí máòsì. "Ṣé kí n tẹ bẹ́ẹ̀ni?"

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. N kò rò ó pé àgbà ni, mo kàn dì í mú. Mo ṣàlàyé fún un pé fọ́máàtì dà bí ìgbà tí wọ́n bá fi omi fọ wàláà kí ọmọ kéwú tó ka ohun tí wọ́n kọ sí i. Ẹ̀rọ yìí kò ka ohun tó wà níbẹ̀, ló ṣe ní kí a fọ̀ ọ́. Ohun tó kàn dàrú ni ìlànà tó ń tọ́ka ibi tí nǹkan kọ̀ọ̀kan wà. Bóyá iná tó ń wá tó ń lọ ló dà á rú. Àwọn ohùn fúnra wọn lè wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ohun tí mo nílò ni háàdì mìíràn tó ṣófo, tí n óò máa kó ohun tí mo bá rí dà sí, nítorí èèyàn kò gbọdọ̀ kó nǹkan padà sínú ilé tó ń tú lọ́wọ́.

"Ó máa pẹ́ díẹ̀," mo ní. "Iná ò sì dúró."

Ó ní kò burú. Ó jókòó síbẹ̀ síbẹ̀. Mo wá béèrè ohun tó ti wà lọ́kàn mi látìgbà tó ti sọ pé bàbá òun ń jẹ àgbàdo. "Àǹtí, ẹ máà bínú. Bí Bàbá bá wà nílé, kí ló dé tí ẹ ò ní kí wọ́n tún un sọ?"

"Wọn ò ní tún un sọ fún mi." Ó ń ká aṣọ ankárá náà, ó ń tú u. "Èmi àti Bàbá, a kì í sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn ló ń mú wa jókòó. Nígbà tí mo gba gbogbo ohun tí mo fẹ́ tán, mo dúpẹ́, mo kó ẹ̀rọ mi lọ. Láti ìgbà yẹn, tí mo bá dé ibẹ̀, 'ẹ kú ilé, ẹ kú àárọ̀' ni. Bàbá mi ò fẹ́ràn ìwé, àbúrò mi. Iṣẹ́ ìwé tí mo ń ṣe yìí, wọn ò bi mí nípa ẹ̀ rí. Ọjọ́ tí mo gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́, gbogbo ilé ló wá. Bàbá ò wá."

Mo ra omi tútù fún un, ó mu ún, ó lọ.

Fún ọjọ́ mélòó kan, iná kò wá dáadáa, jẹnẹrétọ̀ mi sì wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe. Ètò tó ń wá nǹkan tó sọnù nínú háàdì kò ṣe é dá dúró lágbedeméjì, nítorí náà n kò bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n háàdì náà ń yọjú nígbàkígbà tí mo bá so ó, ó sì fún mi nírètí. Ìgbà náà ni olùkọ́ náà padà wá. Ó ní òun ti sọ fún Bàbá pé ohùn wọn sọnù, Bàbá sì ní kí òun mú ẹni tó ń wá a wá, kí ó sì gbé nǹkan náà dání.

N kì í gbé háàdì oníbàárà jáde. Ṣùgbọ́n bàbá arúgbó ló ránṣẹ́, ohùn wọn sì ni. Mo fi aṣọ inúra dì í, mo fi sínú báàgì, mo tẹ̀ lé olùkọ́ náà ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan.

Ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ni. Ó rẹlẹ̀ láàárín àwọn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó yí i ká, bí ẹni tó jókòó láàárín àwọn tó dúró. Bàbá wà lórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Wọ́n rù, ṣùgbọ́n ohùn wọn kò rù. Yorùbá Àwórì ni wọ́n ń sọ, etí èmi ará Ògbómọ̀ṣọ́ ní láti máa sá tẹ̀ lé e. Bí ó ṣe yé mi ni n óò kọ ọ́.

"Ìwọ lò ń wá ohùn mi?"

"Èmi ni, sà. Ẹ káàsán, sà."

"Ibo lo wá a dé?"

"Mo ti rí ojú ọ̀nà, Bàbá. Mi ò tí ì wọlé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n na ọwọ́. Mo tú aṣọ inúra, mo gbé háàdì náà lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n gbé e sókè gbé e sílẹ̀, wọ́n ń wọ̀n ọ́n bí èèyàn ṣe ń wọn òkúta ìpọ́nbẹ.

"Ó wúwo o. Ṣé ọ̀rọ̀ mi ló wúwo tó báyìí?"

"Irin ni, sà. Bí ó bá kún, bí ó bá ṣófo, bákan náà ló wúwo."

Wọ́n fi ìka kan án, kọ́, kọ́. Mo na ọwọ́ síwájú kíá. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má kàn án!" Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, wọ́n fi ìka àtàǹpàkò wá ẹnu rẹ̀. Mo fi ibi tí wáyà oúnjẹ ń gbà hàn wọ́n, mo fi ti ọ̀rọ̀ hàn wọ́n. Wọ́n ronú díẹ̀. "Ó sàn jù mí lọ," wọ́n ní. "Tèmi, ẹnu kan náà ni mo fi ń jẹ tí mo fi ń sọ. Ìgbà mìíràn oúnjẹ a dí ọ̀rọ̀ lọ́nà."

Wọ́n wá kọjú sí ọmọ wọn tó jókòó sórí àga lódìkejì. "Kí ni mo sọ síbẹ̀ gan-an, tó fi ń pa ọ́ lẹ́kún?"

"Gbogbo rẹ̀ ni, Bàbá. Àwọn oko. Orúkọ àwọn odò. Àwọn orin oko tí ẹ kọ. Bí ẹ ṣe sá kúrò ní iléèwé nítorí ẹgba tíṣà."

Ọwọ́ Bàbá dúró lórí háàdì náà. "Ìyẹn náà wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́."

Wọ́n di ojú. Mo fẹ́ dìde kí n fún wọn láyè, wọ́n fọwọ́ sọ fún mi pé kí n jókòó.

"Kò sí ẹgba kankan," wọ́n ní. "Tíṣà yẹn ò fọwọ́ kàn mí rí. Ó fẹ́ràn mi. Èmi ni mo máa ń bá a nu pátákó."

Ọmọ wọn tẹ ara síwájú lórí àga.

"Ojú ìyá mi ni. Ojú ìyá mi ló ń kú lọ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n mo rí i tó ń da epo sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò. Mo rí i tó kí òpó ilé, tó ń dúró kí òpó dá a lóhùn. Gààrí ló ń tà ní Ìkọ̀tún. Ẹsẹ̀ la fi ń rìn nígbà yẹn, inú igbó ni ọ̀nà gbà, odò kan sì wà níbẹ̀ tí wọ́n gbé igi dábùú rẹ̀. Bó bá di ọjọ́ ọjà, tí mo bá jókòó ní kíláàsì, tíṣà á máa kọ ìṣirò, èmi á máa ro igi yẹn. Màá máa rò ó pé, ó ti dé ibẹ̀ báyìí."

Wọ́n gbé háàdì náà lé itan.

"Lọ́jọ́ kan mo délé, mo ní tíṣà nà mí, mi ò lọ mọ́. Bàbá mi nà mí sí i. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń nà mí. Ìyá mi bẹ̀ mí, ó sunkún. Mo ní mi ò lọ. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ru gààrí lọ sọ́jà. Mò ń lọ níwájú, ó ń bọ̀ lẹ́yìn. Mi ò lè fà á lọ́wọ́, àwọn èèyàn á mọ̀, òun náà á mọ̀ pé mo mọ̀. Orin ni mò ń kọ. Bí mo bá ti dé orí igi, màá rọra máa rìn, màá gbóhùn sókè, kó lè fi ohùn mi mọ ibi tó máa gbẹ́sẹ̀ sí."

"Àwọn orin oko yẹn?" ọmọ wọn bi wọ́n.

"Kì í ṣe orin oko. Orin ojú ọ̀nà ni."

Akọ adìẹ kan kọjá níwájú wa, Bàbá dúró kí ó kọjá tán kí wọ́n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Wọ́n ní bí ìyá wọn bá mọ̀ pé torí òun ni ọmọ òun ṣe fi ìwé sílẹ̀, ilé ni ì bá jókòó sí títí di ọjọ́ ikú. Wọ́n bá jẹ́ kí ó gbà pé ọ̀lẹ ni àwọn. Ìyá náà a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, a ní, "Ọmọ mi tó sá fún ẹgba." Wọ́n a bá wọn rẹ́rìn-ín.

"Irọ́ tí èèyàn bá pa tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀," Bàbá wí, "ó ti di awọ ara rẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi, Bàbá? Gbogbo Sátidé tí mo fi jókòó síwájú yín?"

"Ẹ̀rọ rẹ wà lórí tábìlì. Iná pupa rẹ̀ ń wò mí. Bó bá jẹ́ èèyàn ni, mo lè ní kó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Ẹ̀rọ ò mọ ìyẹn." Wọ́n ka tẹ̀sùbáà díẹ̀. "O sì rò pé mi ò wá lọ́jọ́ tí o gba ìwé ẹ̀rí. Mo wọ agbádá. Mo dé ẹnu géètì yín. Mo rí ẹ̀yin ọmọ nínú aṣọ dúdú gbàgẹ̀rẹ̀ yẹn, mo rí ọ láàárín wọn. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lójú mi, kò dáwọ́ dúró. Àgbàlagbà bíi tèmi. Ojú tì mí, mo yí padà."

Mo ń wo ilẹ̀. N kò mọ̀ bóyá olùkọ́ náà sunkún. Ohun tí mo gbọ́ ni pé ó dìde lórí àga, ó bọ́ bàtà, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, bíi pé àwọn méjèèjì ń dúró de ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n pe ìrun alásárì, òun ló bu omi sínú búútà, òun ló ń da á sí wọn lọ́wọ́, ó da á sí wọn lẹ́sẹ̀. Mo fi aṣọ inúra di háàdì náà padà, mo kí wọn, mo lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo pe ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo fẹ́ béèrè ohun ńlá kan lọ́wọ́ wọn, n kò mọ ohun tó jẹ́. A sọ̀rọ̀ nípa èlùbọ́ tí òjò pa, wọ́n ní ṣé kò sí nǹkan, mo ní kò sí nǹkan. Mo ti ṣí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà láyé mi, ṣùgbọ́n mo mọ̀ lálẹ́ yẹn pé bí wọ́n bá ní kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn ìyá mi, n kò mọ ibi tí n óò ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí jẹnẹrétọ̀ dé, mo so háàdì Bàbá padà, mo so háàdì òfìfo tí olùkọ́ náà rà mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì jẹ́ kí ètò náà máa wá. Ó wá a tọ̀sán-tòru. Ohun tó rí wá kò ní orúkọ, nọ́ńbà lásán ni, àfi kí a máa tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan kí a gbọ́. Olùkọ́ náà máa ń wá lẹ́yìn iléèwé, a ó jọ jókòó. Àwọn kan gé lágbedeméjì. Àwọn kan kàn ń hó bí epo nínú ìkòkò. Orúkọ àwọn odò kan lọ pátápátá. Ṣùgbọ́n àwọn orin padà, gbogbo wọn, ohùn Bàbá lọ sókè, ó rọlẹ̀, ó tún lọ sókè. Ní báyìí tí a ti mọ̀, èèyàn lè gbọ́ ibi tí igi odò wà nínú orin náà. Ọkùnrin oníbàtà yọjú sí wa, ó ní irú orin wo nìyí, olùkọ́ náà ní orin ojú ọ̀nà ni.

Ọ̀kan tó padà láìní àbùkù kankan ni ibi tí Bàbá ti sọ pé àwọn sá fún ẹgba. Ó mọ́ kedere. A gbọ́ ẹ̀rín wọn níbẹ̀.

"Kí n pa èyí rẹ́?" olùkọ́ náà bi mí.

Mo ní kì í ṣe èmi ló yẹ kó bi. Ó lọ bi Bàbá. Nígbà tó padà dé, ó sọ èsì wọn fún mi bí wọ́n ṣe sọ ọ́: "Fi í sílẹ̀. Ìyá mi ló ni ín."

Mo fi háàdì tuntun náà sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, mo dè é dáadáa kí ó má máa mì. Mo da gbogbo rẹ̀ sórí òmíràn, mo ní kí ó gbé ìyẹn lọ sílé àbúrò rẹ̀ ní Ayọ̀bọ̀, kí ẹ̀dà má wà nínú ilé kan ṣoṣo, nítorí ohun tó bá ń yí, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò dúró. Ó bi mí bóyá ó yẹ kí òun gba ọ̀rọ̀ tuntun yẹn náà sílẹ̀. Kí n tó dáhùn ó ti mi orí, ó ní rárá. Ó ń lọ sọ́dọ̀ Bàbá ní ọjọ́ Sátidé bíi ti tẹ́lẹ̀, láìgbé nǹkan kan dání. Mo máa ń rí i nígbà mìíràn tó bá kọjá, àgbàdo yíyan nínú ọ̀rá.

Bàbá tún lo ọdún díẹ̀ sí i kí wọ́n tó lọ. Mo lọ sí fidáù ọjọ́ kẹjọ wọn. Wọ́n ta àtíbàbà sí àgbàlá, àwọn àlùfáà jókòó sórí ẹní, àwa obìnrin wà lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n ní bí ẹnikẹ́ni nínú ọmọ bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa òkú, olùkọ́ náà dìde. Kò gbé ẹ̀rọ kankan jáde. Ó sọ ìtàn ojú ìyá, ó sọ ti gààrí, ó sọ ti igi odò àti orin. Ó ní bàbá àwọn kò sá fún ìwé rí. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ń wo ara wọn, nítorí irọ́ ẹgba yẹn ni wọ́n bí wọn bá.

Nígbà tó sọ̀rọ̀ tán, ìyá arúgbó kan ta ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀ kẹ̀. Àbúrò Bàbá ni, òun nìkan ló kù nínú àwọn ọmọ ìyá náà. Etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa mọ́, ẹni tó jókòó tì í ni ó ń tún ọ̀rọ̀ sọ fún un.

"Ìyá wa mọ̀," ó ní.

Àwọn tó wà lẹ́yìn na ọrùn.

"Ìyá wa mọ̀. Nígbà tí mo fẹ́ lọ sílé ọkọ ló sọ fún mi. Ó ní ọmọ tó bá ń sá fún ẹgba kì í dúró gba ti bàbá rẹ̀ lójoojúmọ́. Ó ní kí n má jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ o. Ó ní bí ó bá mọ̀ pé òun mọ̀, ojú á tì í láti máa kọrin."

Olùkọ́ náà ṣì dúró níbi tó wà. Ó di ẹ̀yìn àga mú. Ìyá arúgbó náà ní kí wọ́n fún òun lómi, wọ́n fún un, ó mu ún, ó nu ẹnu. Àlùfáà àgbà tó ń darí àdúà tẹ orí ba díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní a ó ṣe àdúà fún ìyá àti ọmọ pa pọ̀. Ó bi wọ́n léèrè orúkọ ìyá náà. Àwọn ọmọ ọmọ kò mọ̀ ọ́n. Ìyá arúgbó náà ló pè é, lóhùn rara, gbogbo wa sì ṣe àmín.